Ṣé Oògùn Òwúrọ̀ Yín Bá Ọtí Ìrọ̀lẹ́ Yín Rẹ́?

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú, tí wọn kò sì mọ̀ pé òun ni ó ń dà wọ́n láàmú, ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti oògùn àti ọtí, nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a fi àríyá ọjọ́ Sátidé kan ní Ẹdúnàbọ̀n ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìlú Orígbó ní ẹ̀bá Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ bí òpin ọ̀sẹ̀ ti ń rí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú a ti Ìbàdàn àti Èkó wálé wá ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó, wọn a ta àtíbàbà, ìlù a máa dún, ẹmu àti bíà kì í sì í wọ́n. Kí a wí pé bàbá kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 65 wà láàárín wọn. Àrùn àtọ̀gbẹ, tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ń bá a fínra. Ní òwúrọ̀ ó ti lo oògùn glibenclamide tí dókítà kọ fún un, ṣùgbọ́n kò jẹun kánú, nítorí ó mọ̀ pé ìrẹsì àti ẹran ń bọ̀ níbi àríyá. Oúnjẹ pẹ́ kí ó tó dé. Ẹmu ni ó kọ́kọ́ dé. Bàbá mu igbá 2, ó sì fi ìgò bíà kan lé e.

Kò pẹ́ tí òógùn fi bo bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọtí ti ń pa bàbá o! Ẹ jẹ́ kí a lọ tẹ́ wọn sí yàrá, kí wọ́n sùn ún dànù."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bàbá yìí kò mutí yó. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà. Òórùn ọtí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó tan gbogbo ènìyàn jẹ. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí yàrá tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí oorun náà má ní jíjí.

Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ a bù nínú èyí tí ó wà nínú àká, a sì tún ṣe tuntun, kí ọpọlọ má baà ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá wọlé, ẹ̀dọ̀ a kọjú sí iṣẹ́ àtipa májèlé ọtí, ṣíṣe ṣúgà tuntun a sì dáwọ́ dúró. Oògùn òwúrọ̀ ní tirẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ó ń lé ṣúgà lọ sílẹ̀ bí a ti rán an. Bí inú bá tún ṣófo, kò sí ohun tí yóò gba onítọ̀hún sílẹ̀.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, a kò sì wá wàásù pé kí gbogbo ayé má mu ọtí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú dání: ẹ sọ òtítọ́ nípa ọtí tí ẹ ń mu fún ẹni tí ó fún yín ní oògùn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí oògùn àti ọtí tó pàdé. Abèèrè kì í ṣìnà.

ÌTÌJÚ TÍ Ó Ń PANI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ òtítọ́ yìí. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì yóò béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?" Bàbá yóò wo ojú ọmọ tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn, yóò sì dáhùn pé, "Ọtí kẹ̀, ọmọ mi? Èmi tí mo jẹ́ àgbà ìjọ!" Nọ́ọ̀sì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá kì í mutí, dókítà yóò sì fi ohun tí ó rí nínú ìwé náà yan oògùn. Láti ibẹ̀ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá náà ní tiwọn. Ìyá kan kò fi ẹnu kan bíà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ ni ó ń mu ṣíbí agbo kan tí a fi ògógóró rẹ. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní òun kì í mutí, kò sì purọ́ lójú ara rẹ̀, nítorí oògùn ni ó pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kò mọ orúkọ tí a pe ọtí. Ọtí ni ọtí í jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹjọ́, dókítà kì í sì í ṣe adájọ́. Bí telọ bá ń wọn ènìyàn láti rán aṣọ fún un, ẹni tí ó bá fa ikùn rẹ̀ sínú ni aṣọ yóò fún mọ́ lára.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ WỌ́N Ń GBÀ JÀ

Ọ̀nà kìíní ni pé kí oògùn àti ọtí jọ máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọtí a máa mú kí ọpọlọ tòògbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn tí ń múni sùn tàbí tí ń mú ara rọ̀, bí diazepam tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium. Bẹ́ẹ̀ ni phenobarbital tí a fún ẹlòmíràn nítorí wárápá, àti àwọn oògùn ìrora tí ó le bíi tramadol àti codeine. Kódà Piriton kékeré tí a ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn wà lára wọn. Bí èyí tí ó le nínú wọn bá pàdé ọtí, oorun kì í dúró ní oorun lásán. Ọpọlọ lè gbàgbé láti máa rán àyà létí pé kí ó mí.

Gbogbo ayé ni ó gbọ́ ìròyìn Karen Ann Quinlan, ọmọbìnrin ẹni ọdún 21 ní New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin 1975, ó mu ọtí níbi àríyá kan lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn amárarọ̀. Ó ṣubú, kò sì mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbà á là kí ẹ̀mí má bọ́, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ kò padà mọ́ títí ó fi kú ní 1985. Nílé wa níhìn-ín, ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine àti kíkó o wọlé, nítorí bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún bí ẹni mu ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú àpótí oògùn tí ó wà ní yàrá yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà kejì ni pé kí oògùn àti ọtí jọ máa ni ẹ̀yà ara kan náà lára. Ẹ̀dọ̀ ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn ikọ́ ife, bí isoniazid àti rifampicin, ti gbé ẹrù lé ẹ̀dọ̀ lórí fún oṣù 6 ó kéré tán. Bí ó bá ń da ọtí lé e, ẹ̀dọ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀: ojú yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ yóò dúdú, oúnjẹ yóò sú u, bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Paracetamol pàápàá, tí gbogbo wa ń lò bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ní ààlà. Hóró 8 tí ó jẹ́ 500 mg ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó lò tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ibuprofen, diclofenac àti aspirin, ikùn ni àwọn àti ọtí jọ ń ha. Ọgbẹ́ inú lè ti ibẹ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa ya nínú ikùn láìsí ẹni tí ó rí i, àfi nígbà tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà.

Ọ̀nà kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. Oògùn mìíràn kì í jẹ́ kí ara rí ọtí pa. Ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, àwọn olùwádìí 2, Jens Hald àti Erik Jacobsen, ń dán oògùn kan tí ń jẹ́ disulfiram wò bóyá yóò pa aràn inú. Wọ́n gbé e mì fúnra wọn láti mọ̀ bóyá yóò ṣe ènìyàn ní ibi. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àfi ìgbà tí wọ́n mu ọtí díẹ̀. Ojú wọn pọ́n, àyà wọn ń já, èébì ń gbé wọn. Bí wọ́n ti rí ìdí rẹ̀ nìyí: bí ọtí bá dé inú ẹ̀dọ̀, ó kọ́kọ́ ń di májèlé kan kí ó tó di ohun tí kò léwu, disulfiram ti ìlẹ̀kùn mọ́ májèlé náà síbẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n gbé ìwádìí náà jáde, àwọn dókítà sì ń fi oògùn yìí ran ẹni tí ó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ lọ́wọ́ láti ìgbà náà.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ìkìlọ̀ lórí metronidazole, èyí tí a mọ̀ sí Flagyl, tí ọ̀pọ̀ ilé ń rà fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí ẹni tí ń lò ó má fi ẹnu kan ọtí, kí ó sì tún dúró fún ọjọ́ 2 tàbí 3 lẹ́yìn tí ó bá parí rẹ̀. Àwọn olùwádìí òde òní ń jiyàn bóyá ìjà náà wọ́pọ̀ tó bí a ti ń sọ, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà ṣì wà nínú páálí. Ọjọ́ 3 kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó fẹ́ sùn ní àlàáfíà.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Ẹlòmíràn a ní, "Àárọ̀ ni mo lo oògùn, alẹ́ ni mo ń mutí. Wọn kò pàdé." Wọ́n pàdé. Kì í ṣe ìgbà tí oògùn bá kọjá ọ̀fun ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Diazepam lè wà nínú ara fún ọjọ́ púpọ̀. Ọtí náà kì í yára lọ. Ìgò bíà ńlá kan tí ó jẹ́ 60 cl lè gba ẹ̀dọ̀ ní wákàtí 2 sí 3, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tútù, kọfí tàbí ọ̀sàn wẹ́wẹ́ kò lè mú un yára. Ti àgbàlagbà a tún máa pẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ.

Ẹlòmíràn a ní, "Nítorí náà n kò ní lo oògùn mi lónìí, kí n lè gbádùn àríyá." Èyí burú bákan náà, nígbà mìíràn ó burú jù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà tí ó fo oògùn rẹ̀, tí ó sì tún mutí púpọ̀, ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àrùn rọpárọsẹ̀, nítorí ọtí púpọ̀ fúnra rẹ̀ a máa ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí ó sì lo oògùn tí ó tún mutí lè rí i pé òòyì ń kọ́ ọ nígbà tí ó bá dìde lójijì. Ẹni tí ó ní wárápá tí ó fo oògùn rẹ̀ lè ṣubú ní gbangba àríyá náà. Bí nǹkan kan yóò bá yẹ̀ fún èkejì, kí ọtí yẹ̀ fún oògùn.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a ní gbogbo oògùn apakòkòrò ni ó lòdì sí ọtí. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Amoxicillin, fún àpẹẹrẹ, kì í bá ọtí díẹ̀ jà bí Flagyl. Àmọ́ ara tí ń ṣàìsàn nílò omi àti ìsinmi, ọtí kò sì fún un ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ju oògùn apakòkòrò sílẹ̀ ní ìdajì nítorí pé ó mu ife bíà kan. Ẹ parí oògùn yín.

Ní ti metformin tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń lò, ọtí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí oró kan kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, ó lè pani.

ỌTÍ TÍ Ó FARA PAMỌ́

Agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí a fi ògógóró tàbí jíìnì rẹ, paraga tí wọ́n ń tà ní ìdíkọ̀, ọtí inú ọ̀rá, àwọn oògùn ikọ́ mìíràn àti oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ mìíràn: ọtí wà nínú wọn. Ẹmu náà kì í dúró bákan náà. Èyí tí a gbé sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀ dùn, agbára rẹ̀ kò tíì pọ̀. Bí oòrùn ti ń yí ni ó ń kan, tí agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ife kan ní agogo 8 òwúrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ife kan ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́.

A kò sọ pé egbòogi àwọn baba wa kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra agbo olọ́tí ní ẹ̀bá ọ̀nà kò mọ irú ewé tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì mọ irú ọtí tí a fi rẹ ẹ́. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan rò pé ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró tí kò yẹ kí ẹnu ènìyàn kàn, tí ó ti wọ inú ohun tí wọ́n mu.

BÍ ẸNIKẸ́NI TI LÈ YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ìkíní: ẹ kó gbogbo oògùn ilé yín sínú àpò kan, tòyìnbó àti tìbílẹ̀, èyí tí dókítà kọ àti èyí tí ẹ rà fúnra yín, pẹ̀lú ìgò agbo. Ẹ má ṣe yọ wọ́n kúrò nínú páálí wọn.

Ìkejì: ẹ gbé àpò náà lọ bá apòògùn òyìnbó ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ìtajà oògùn tí apòògùn gidi wà. Ẹ̀yin ará Ẹdúnàbọ̀n àti agbègbè rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ́ àwọn apòògùn ní Yunifásítì Obafemi Awolowo níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kékeré ládùúgbò wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kọ́ iṣẹ́ apòògùn.

Ìkẹta: ẹ sọ iye ọtí tí ẹ ń mu bí ó ti rí gan-an. Ẹ sọ irú rẹ̀, iye ìgò tàbí ife, iye ìgbà lọ́sẹ̀, àti ìgbà tí ẹ mu èyí tí ẹ mu kẹ́yìn.

Ìkẹrin: ẹ bi í ní ìbéèrè 3 yìí. Ṣé mo lè mu ọtí pẹ̀lú oògùn yìí rárá? Bí n kò bá lè mu ún, ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí mo bá parí oògùn ni mo lè mu ún? Àmì wo ni mo fi máa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ara páálí oògùn náà.

Ìkarùn-ún: nígbàkígbà tí wọ́n bá fún yín ní oògùn tuntun, ẹ tún un béèrè. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni bi, ẹ jẹ́ kí ọtí dúró ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́. Kí onítọ̀hún má ṣe dá ọtí dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Ara tí ó ti mọ́ ọn lára lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Ìtọ́jú wà fún un.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá wa níbi àríyá. Bí alátọ̀gbẹ bá ń làágùn, tí ó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ṣì mọ ara, tí ó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní ẹlẹ́rìndòdò tí ó ní ṣúgà, tàbí omi ṣúgà, tàbí oyin, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ lẹ́yìn náà. Bí kò bá dára láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un fún un, kí ẹ sì múra àtilọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá dára pàápàá, kí ẹnì kan jókòó tì í, nítorí ṣúgà náà tún lè lọ sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni tí ó mu oògùn pọ̀ mọ́ ọtí bá sùn tí a jí i tí kò jí, tàbí tí ó ń mí díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe da omi, epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Yóò gba ọ̀nà òfuurufú lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kó páálí oògùn àti ìgò tí ó mu dání, kí àwọn dókítà lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ẹ má ṣe fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní òun nìkan nínú yàrá pé kí ó "sùn ún dànù."

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ọmọ wà nílé kí oògùn àti ọtí pa àgbà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ti Ìbàdàn àti Èkó wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó gbé páálí bíà sílẹ̀ níwájú bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ rọra béèrè pé, "Bàbá, oògùn wo ni ẹ lò lónìí? Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ṣáájú ẹmu níbi àríyá. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, bí ọmọ nọ́ọ̀sì bá béèrè ọ̀rọ̀ ọtí lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe bínú sí i. Ó fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa rí ara wa bá o.